Ọ̀nà Wo Ni Kí Olùbẹ̀rẹ̀ Gbà Gbé Django Sórí Kọ̀ǹpútà? Àgbéyẹ̀wò

Django jẹ́ framework tí wọ́n fi èdè Python kọ fún ṣíṣe ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World, ní ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas, Amẹ́ríkà, ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003. Ní Oṣù Keje 2005, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Àwọn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń nílò ló ti wà nínú rẹ̀ ní ṣíṣe: ìforúkọsílẹ̀ àti ìwọlé àwọn tó ń lo ìkànnì, kíkọ nǹkan sínú dátábéèsì àti kíkà á jáde, ojú ìwé alábòójútó, àti ààbò lọ́wọ́ àwọn ọgbọ́n tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ jù. Instagram wà lára àwọn tó fi í gbilẹ̀.

Àṣẹ tó ń gbé Django sórí kọ̀ǹpútà kò ju ìlà kan lọ: `python -m pip install Django`. Ohun tí àṣẹ yìí ń fà wálé kò tó 10MB, àwọn package tó ń bá Django rìn kò sì pọ̀: asgiref àti sqlparse, pẹ̀lú tzdata lórí Windows. Síbẹ̀, ẹnu àwọn àgbà iṣẹ́ kò kò lórí bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ṣe é. Ohun tó fà á ni pé ìlà kan yẹn kò sọ ibi tí Django máa lọ jókòó sí. Python wo ló máa gbà á? Inú fódà wo ló máa wà? Ta ni yóò máa bójú tó o lọ́la, nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde tàbí tí iṣẹ́ kejì bá dé? Bí kálukú ṣe dáhùn àwọn ìbéèrè yìí ló sọ wọ́n di ìyapa-ìyapa.

## Python ló ń ṣáájú

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀nà tó wà ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Python, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń kọsẹ̀, tí wọ́n á máa rò pé Django ló ń dà wọ́n láàmú.

Lórí Windows, àpótí kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ tí fáìlì Python láti python.org máa ń gbé jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni "Add python.exe to PATH". Kì í ní àmì nínú títí olùbẹ̀rẹ̀ yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i. Bó bá gbójú fò ó, Windows kò ní mọ ibi tí Python wà nígbà tó bá tẹ `python` sínú terminal. Ojú ìwé Microsoft Store lè ṣàdédé ṣí dípò rẹ̀. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò nílò láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, nítorí àṣẹ `py`, tó máa ń bá Python wọlé sórí Windows, ń ṣiṣẹ́ bí àpótí yẹn kò tilẹ̀ ní àmì. Lórí Ubuntu àti Debian, Python ti wà nílẹ̀ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ tó dé, àmọ́ `python3` ni wọ́n fi ń pè é.

Ẹ̀dà Python náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Django 5.2 ń fẹ́ Python 3.10 tàbí èyí tó ga jù ú lọ, àmọ́ Django 6.0, tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2025, kò gba ohun tó bá kéré sí 3.12. Ká ní Python 3.9 ló wà lórí ẹ̀rọ, pip, irinṣẹ́ tó ń gbé package wọlé fún Python, kò ní pariwo rárá. Yóò wá Django tó bá 3.9 mu, ìyẹn 4.2, yóò gbé e wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì kéde pé iṣẹ́ ti parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún 5.2 yóò wá máa rí ohun tí kò bá ìwé mu, kò sì ní mọ ibi tó ti ṣẹ́ yọ. Àṣẹ `python -m django --version` ló ń tú àṣírí yìí. Ó yẹ kó jẹ́ àṣẹ tí wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀ lẹ́yìn tí Django bá ti wọlé, ọ̀nà yòówù kó gbà wọlé.

## Django kan fún gbogbo ẹ̀rọ

Èrò àwọn tó fara mọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí olùbẹ̀rẹ̀ má fi ètò púpọ̀ dí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kó gbé Django sínú Python tó wà lórí ẹ̀rọ, kó sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ń tẹ àṣẹ pip láìṣe ohunkóhun ṣáájú. Àwọn tó ń lo Linux tún lè lo `sudo apt install python3-django`, tó ń mú Django láti inú àkójọ tí Debian tàbí Ubuntu fúnra wọn ń tọ́jú.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Kò sí nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ tàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dátà ń lọ, terminal yòówù tí wọ́n bá ṣí ló sì máa mọ Django. Èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ apt wọlé tún ní alágbàtọ́: bí àléébù ààbò bá yọjú, àwọn tó ń tọ́jú Debian ń dí i nínú ẹ̀dà tiwọn, àtúnṣe náà á sì bá àwọn àtúnṣe yòókù lórí ẹ̀rọ wọlé.

Ẹ̀dà tí apt ń gbé ló sábà máa ń ti pẹ́. Debian 12, tó jáde ní Oṣù Kẹfà 2023, ń fún èèyàn ní Django 3.2, Ubuntu 24.04 ń fúnni ní 4.2. Ní ti 3.2, àwọn tó ni Django fúnra wọn ti ṣíwọ́ àtúnṣe lórí rẹ̀ láti Oṣù Kẹrin 2024. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́ fún ìkànnì tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé tuntun rú.

Ti pip láìsí ètò ló léwu jù lórí Linux. Ubuntu àti Debian ń fi Python ṣe iṣẹ́ inú ara wọn, àwọn kan lára ohun èlò ẹ̀rọ náà sì gbára lé package tó wà níbẹ̀ gan-an. `sudo pip install` lè gbé òmíràn lé wọn lórí, kí ohun tí kò kan Django rárá wá dẹ́kun iṣẹ́. Nítorí èyí ni àwọn olùtọ́jú Python ṣe fọwọ́ sí ìlànà PEP 668. Láti Debian 12 àti Ubuntu 23.04 ni pip ti ń kọ̀ jálẹ̀ láti gbé package sínú Python ẹ̀rọ náà níbi tí ìlànà yìí bá ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí yóò kọ sójú terminal ni `error: externally-managed-environment`, yóò sì júwe ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dípò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ ṣáájú 2023 kì í mẹ́nu ba èyí, olùbẹ̀rẹ̀ á sì rò pé òun ló ṣi àṣẹ tẹ̀.

Windows kò gbára lé Python bẹ́ẹ̀, nítorí náà ewu ti Linux yẹn kò sí níbẹ̀. Èyí tó kù, tó sì kan gbogbo ẹ̀rọ, ni pé Python kan kò lè gba ju ẹ̀dà Django kan lọ sára lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ méjì tí ọ̀kan ń fẹ́ 4.2, tí èkejì ń fẹ́ 5.2, yóò máa lé ara wọn kúrò nídìí ààrò bí orogún méjì tí ilé ìdáná wọn jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó kàn fẹ́ wo bí Django ṣe rí lórí Windows lè gba ọ̀nà yìí láìsí jàǹbá. Lórí Linux òde òní, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

## Àyíká àdáni: venv pẹ̀lú pip

Ọ̀nà kejì ni ìwé ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ni Django fúnra wọn kọ fọwọ́ sí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kọ́ni. Ohun tó dá lé ni pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyíká tirẹ̀, kí package tó bá wọ ibẹ̀ má ṣe kan òmíràn.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ian Bicking gbé virtualenv, irinṣẹ́ tó ń dá irú àyíká bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, jáde ní 2007, ó sì ṣe pip ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Python 3.3 dé ní 2012, wọ́n ti fi irinṣẹ́ tó jọ virtualenv, ìyẹn venv, sínú Python fúnra rẹ̀. Láti Python 3.4 ní 2014 ni pip náà ti ń bá Python wọlé. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti ní Python láti python.org ti ní gbogbo ohun tí ọ̀nà yìí ń fẹ́.

Nínú fódà iṣẹ́, `python -m venv .venv` yóò dá fódà kékeré kan sílẹ̀. Fáìlì kan tó ń jẹ́ pyvenv.cfg wà nínú rẹ̀, tó ń tọ́ka sí Python tí wọ́n fi ṣe é. Fódà site-packages wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni Django máa wà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa tan àyíká náà. Lórí Linux àti Mac, `source .venv/bin/activate` ni àṣẹ rẹ̀. Lórí Windows, `.venv\Scripts\activate`. Bó bá ti tàn, `(.venv)` yóò hàn níwájú ìlà terminal. Pip tí wọ́n bá wá lò, inú fódà yẹn nìkan ló ń kó nǹkan sí. Bí nǹkan bá dàrú kọjá àtúnṣe, wọ́n á pa fódà `.venv` rẹ́, wọ́n á tún òmíràn ṣe. Kóòdù tí wọ́n ti kọ kò ní fara gbá nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, òmìnira láti bà á jẹ́ kó sì tún un ṣe láìbẹ̀rù yìí ṣe iyebíye ju ohun mìíràn tí venv lè fún un lọ.

Títan àyíká yìí ló ń fa wàhálà jù. PowerShell lórí Windows kì í sábà gbà kí fáìlì àṣẹ ṣiṣẹ́, nítorí náà yóò dáhùn pé "running scripts is disabled on this system". Àṣẹ tó ń tú u sílẹ̀ ni `Set-ExecutionPolicy RemoteSigned -Scope CurrentUser`, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè kúrò ní PowerShell kí wọ́n lo Command Prompt, tí kò ní ìdènà yẹn. Lórí Debian àti Ubuntu, wọ́n yọ apá kan venv kúrò lára Python. Ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ lo `sudo apt install python3-venv`. Terminal tuntun kò sì mọ̀ pé èyí tí wọ́n ṣí lánàá ti tan àyíká kan rí. Ẹni tó bá gbàgbé á tẹ `python manage.py runserver`, àṣẹ tó ń tan sáfà, manage.py á sì dá a lóhùn pé "Couldn't import Django", yóò tún bi í léèrè bóyá ó gbàgbé láti tan àyíká náà ni. Ìdáhùn wà nínú ìkìlọ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó ṣáájú rẹ̀ lè pọ̀ débi pé olùbẹ̀rẹ̀ kò ní ka ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ kì í sọ: títan àyíká kì í ṣe dandan. `.venv/bin/python manage.py runserver`, tàbí `.venv\Scripts\python` lórí Windows, ń ṣiṣẹ́ bákan náà, láìsí pé wọ́n tan ohunkóhun. Olórí iṣẹ́ títàn ni kó fi orúkọ fódà yẹn ṣáájú nínú PATH, àkójọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ. Ìbá dára kí àwọn olùkọ́ máa fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ níjọ́ kìíní, nítorí ó yọ PowerShell kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé àyíká àdáni kò ju fódà lásán lọ.

Venv ní àléébù méjì mìíràn. Kò ṣeé gbé kiri: ọ̀nà fódà náà láti orí dé ìdí ni wọ́n kọ sínú àwọn fáìlì rẹ̀, bí wọ́n bá gbé e lọ sí fódà mìíràn, tàbí tí wọ́n yí orúkọ fódà iṣẹ́ padà, àwọn àṣẹ inú rẹ̀ lè má ríbi wọn mọ́. Kò sì ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ lo `pip freeze > requirements.txt`, fáìlì tó sì ń ti ibẹ̀ jáde kò fìyàtọ̀ sáàárín package tí èèyàn béèrè àti èyí tó kàn bá a rìn.

## Alákòóso tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀

Àwọn àléébù tó gbẹ̀yìn yìí ló bí ẹgbẹ́ kẹta. Wọ́n ní kí irinṣẹ́ kan ṣoṣo máa dá àyíká, kó máa gbé package wọlé, kó sì máa kọ ẹ̀dà gbogbo wọn sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Pipenv dé ní 2017, Poetry tẹ̀ lé e ní 2018. Conda ti wà ṣáájú wọn láti 2012. Àwọn tó ń fi Python ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ló mọ̀ ọ́n jù. Uv, tí ilé-iṣẹ́ Astral fi èdè Rust kọ, jáde ní Oṣù Kejì 2024.

Uv ló yí ọ̀rọ̀ apá yìí padà. Àṣẹ `uv init` ń dá fáìlì pyproject.toml sílẹ̀; `uv add django` ń ṣe àyíká, ó ń gbé Django wọ inú rẹ̀, ó sì ń kọ ẹ̀dà ohun gbogbo sínú uv.lock, `uv run python manage.py runserver` ń tan sáfà láìsí ọ̀rọ̀ activate. Bí Python kò bá tilẹ̀ sí lórí ẹ̀rọ, uv lè lọ wá a wálé. Ó yá ju pip lọ fíìfíì. Ó sì ń pa ohun tó ti gbé wálé mọ́ síbì kan, débi pé iṣẹ́ kejì tó bá fẹ́ Django kan náà kò ní tún jẹ dátà. Pip náà ní irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n uv máa ń so fáìlì náà mọ́ inú àyíká tuntun níbi tí ẹ̀rọ bá ti gbà á láyè, kò ní ṣẹ̀dà rẹ̀, ìyẹn sì ń dín àyè tó ń gbà lórí dísíìkì kù.

Àtakò tí wọ́n ń gbé dìde sí ẹgbẹ́ yìí lágbára díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ Django àti ọ̀pọ̀ ìdáhùn sí ìṣòro tó wà káàkiri ló dá lórí pip. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo uv tàbí Poetry gbọ́dọ̀ máa tú àṣẹ kọ̀ọ̀kan sí ti irinṣẹ́ rẹ̀ kó tó lè tẹ̀ lé wọn. Irinṣẹ́ yìí tún ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ pamọ́: bó bá ṣiṣẹ́, ó dùn, àmọ́ bó bá kọṣẹ́, ẹni tí kò mọ venv kò ní mọ ibi tó yẹ kó wò. Ti conda tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí àkójọ package tirẹ̀ kì í ṣe ti PyPI tí pip ń lò, Django tuntun sì lè tètè dé PyPI kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ti ní Anaconda, tí conda wà nínú rẹ̀, lórí ẹ̀rọ nítorí iṣẹ́ mìíràn lè lò ó láìséwu; kò sí ìdí tí ẹlòmíràn fi gbọ́dọ̀ torí Django nìkan gbé e wálé.

## Docker

Docker, tí Solomon Hykes fi han àwọn èèyàn ní àpérò PyCon ní Oṣù Kẹta 2013, ń di Python, Django, dátábéèsì àti gbogbo ohun tó so mọ́ wọn pa pọ̀ sínú ohun kan tó ń dá dúró. Àwọn tó ń sọ pé ibẹ̀ ni kí olùbẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn ti wà nínú Docker, ohun tó bá sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹnì kan sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ lo PostgreSQL dípò SQLite tó ń bá Django wọlé á rí i pé Docker rọrùn fún ìyẹn ju gbígbé PostgreSQL sórí Windows lọ.

Iye rẹ̀ wọ́n. Lórí Windows, ó sábà máa ń fẹ́ WSL 2, tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows, ó ń fẹ́ kí wọ́n ti ṣí ètò virtualization sílẹ̀ nínú BIOS, ó sì ń jẹ RAM tó pọ̀. Image Python tó pé tí Docker ń gbé wá máa ń tó bíi 1GB nígbà tí wọ́n bá tú u tán. Èyí tí wọ́n ń pè ní slim kéré gan-an sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Django tí kò tó 10MB, ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ìmọ̀ tuntun tún ń bá a dé. Ẹni tó bá tan `runserver` nínú Docker bí ìwé Django ṣe sọ ọ́ yóò rí i pé sáfà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí browser kò rí i. Ohun tó fà á ni pé 127.0.0.1 inú Docker kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n lo `runserver 0.0.0.0:8000`, kí wọ́n sì tún so port 8000 mọ́ ti ìta. Ẹni tí kò tíì mọ Django kò lè mọ̀ bóyá Django ló ṣẹ̀ ni tàbí Docker. Irinṣẹ́ gidi ni Docker, àmọ́ ó pọ̀ jù fún ọjọ́ kìíní.

## Láìgbé e sórí kọ̀ǹpútà rárá

Ẹgbẹ́ karùn-ún ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ẹlòmíràn. PythonAnywhere ń fún èèyàn ní Python, terminal àti àyè láti gbé ìkànnì síta, gbogbo rẹ̀ láti inú browser, ó sì ní ẹ̀ka ọ̀fẹ́. Django Girls, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ola Sitarska àti Ola Sendecka dá sílẹ̀ ní 2014, tó bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, ń lò ó láti gbé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síta kí ayé rí i. GitHub Codespaces náà ń ṣí ẹ̀rọ Linux kan fún èèyàn nínú browser, ó sì ń fúnni ní wákàtí ọ̀fẹ́ lóṣooṣù.

Wàhálà PATH, PowerShell àti ẹ̀dà Python ń dínkù gan-an níbí, kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, iṣẹ́ dúró. Ní Nàìjíríà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, tí dátà sì ń jẹ owó, èyí kì í ṣe àléébù kékeré: Django tó wà lórí láptọ́ọ̀pù kò ní í ṣe pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tó bá ti wọlé, èyí tó wà lórí ẹ̀rọ òkèèrè sì ń jẹ dátà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀ tún yàtọ̀ sí ti ìwé. PythonAnywhere kì í lo `runserver` fún ìkànnì. Fáìlì WSGI ló ń lò, bọ́tìnnì Reload ni wọ́n máa ń tẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, bí wọn kò bá sì fi orúkọ ìkànnì náà sínú `ALLOWED_HOSTS`, Django á kọ̀ láti dáhùn.

Fóònù Android jẹ́ ẹ̀ka kan lára ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà. Nínú Termux, áàpù terminal tó wà lórí àkójọ áàpù F-Droid, `pkg install python` àti àṣẹ pip tó gbajúmọ̀ ti tó láti gbé Django wọlé, nítorí Python nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́. Package tó bá ní kóòdù èdè C nínú, bíi Pillow tí Django ń béèrè fún àwòrán, lè fa ìdádúró. Android sì lè pa sáfà tí kò sí lójú fóònù. Àṣẹ `termux-wake-lock` ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí ìyẹn. Kíkọ kóòdù lórí bọ́tìnnì fóònù ń tánni ní sùúrù, ṣùgbọ́n Django tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé: òun náà ni Django tó wà lórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn tí dátà ń ni lára tún ní ọ̀nà kan tí kò wọ́pọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́. `pip download Django` ń kó gbogbo fáìlì náà sínú fódà kan. Wọ́n lè fi flash gbé fódà yẹn lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n sì lo `pip install --no-index --find-links=. Django` láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ní ogún akẹ́kọ̀ọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ fi dátà ẹnì kan ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Ibi tí ó ti ń dánni wò ni pé, bí ẹni tó kó fáìlì náà bá ń lo Linux, tzdata kò ní sí nínú fódà, àwọn tó ń lo Windows á sì há. Orí Windows ló yẹ kí wọ́n ti kó o bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lo Windows.

## Èyí tó tuntun jù ni àbí LTS?

Ìyapa mìíràn gba àárín gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀nyí kọjá. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ẹ̀dà Django tuntun ń jáde. Ní ọdún méjì-méjì, wọ́n ń yan ọ̀kan ní LTS, tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ ń tó ọdún mẹ́ta: 4.2 ní Oṣù Kẹrin 2023, 5.2 ní Oṣù Kẹrin 2025. Àwọn kan ní èyí tó jáde kẹ́yìn ló dára fún olùbẹ̀rẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀kọ́ Django máa ń bá a mu. Àwọn mìíràn ní LTS ni, torí package tí àwọn ará ìta kọ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bá ẹ̀dà tuntun mu. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé kí ẹ̀dà tí akẹ́kọ̀ọ́ ní bá ẹ̀dà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń sọ mu. `pip install "Django==5.2.*"` ń ṣe ìyẹn, ojú ìwé Django sì ní ibi tí èèyàn ti lè yan ẹ̀dà tó fẹ́ kà.

## Àmì pé ó ti ṣiṣẹ́

Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, ibì kan náà ni wọ́n ń pàdé. `django-admin startproject ilana .` ń dá manage.py àti fódà ètò sílẹ̀. Àmì ìdúró tó gbẹ̀yìn àṣẹ náà ni kò jẹ́ kí fódà kan wọ inú fódà mìíràn. Kò yẹ kí wọ́n sọ iṣẹ́ náà ní `django` tàbí `test`, nítorí ó máa ń forí gbárí pẹ̀lú ohun tó ti wà nínú Django àti Python. `python manage.py runserver` ń tan sáfà, wọ́n á sì ṣí http://127.0.0.1:8000/ nínú browser. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ọ̀rọ̀ "The install worked successfully! Congratulations!" wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Nígbà kan náà, ọ̀rọ̀ pupa yóò wà lójú terminal pé "You have 18 unapplied migration(s)". Kì í ṣe àṣìṣe. Django kàn ń sọ pé òun kò tíì ṣe àwọn tábìlì dátábéèsì tí òun nílò ni, `python manage.py migrate` á sì ṣe wọ́n. Nítorí pé pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ń rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ níbi tó ti yọrí sí rere.

## Ohun tí kò tíì yanjú

Àwọn olùtọ́jú Python ti gbìyànjú láti mú kí ọ̀rọ̀ àyíká àdáni kúrò lọ́rùn olùbẹ̀rẹ̀. Àbá kan, PEP 582, fẹ́ kí Python máa wo fódà kan nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí venv. Wọ́n kọ̀ ọ́ ní 2023. Àbá mìíràn, PEP 704, fẹ́ kí pip má ṣe ṣiṣẹ́ bí kò bá sí àyíká àdáni. Ẹni tó gbé e wá ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Àdéhùn kò tíì sí lórí èyí tó yẹ kó rọ́pò wọn, bẹ́ẹ̀ ni Linux àti Windows ń bá ìwà tó yàtọ̀ síra lọ.

Fáìlì tó ń kọ ẹ̀dà package sílẹ̀ náà wà ní ìdajì ọ̀nà. PEP 751, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025, ṣe ìlànà kan fún un, pylock.toml, kí iṣẹ́ tí wọ́n fi irinṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lè ṣeé gbé fún òmíràn. Uv lè gbé fáìlì náà jáde, ṣùgbọ́n uv.lock tirẹ̀ ló ṣì ń fọkàn tẹ̀. Títí irinṣẹ́ wọ̀nyí yóò fi máa sọ èdè kan náà, ẹni tó bá yan ọ̀kan lónìí lè tún gbogbo ètò rẹ̀ kọ bó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ́la.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti ẹ̀kọ́. Àwọn kan gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ venv àti pip lọ́wọ́ kó tó fi uv rọ ara rẹ̀ lọ́rùn. Èrò àgbéyẹ̀wò yìí sún mọ́ tiwọn, fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, nítorí ìkìlọ̀ tí Django ń kọ àti ìwé tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ṣì dá lé venv. Àwọn mìíràn gbà pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ rí, kí ìmọ̀ tó kù tẹ̀ lé e, uv sì ń mú un débẹ̀ kíá. Bí ìwé ẹ̀kọ́ Django bá fi uv rọ́pò pip lọ́jọ́ iwájú, ìwọ̀n náà lè yí padà. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ márààrún tó gbé ètò kalẹ̀ fún un gan-an. Termux ni ohun tó sún mọ́ ọn jù, àwọn ẹ̀kọ́ tó dá lórí rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀.